Rírù Kì í Ṣe Fífúyẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kílò Díẹ̀ Tí Ó Kẹ́yìn

Mo mọ̀ pé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ẹ ti wá, àti pé oúnjẹ tí ẹnì kan fi dàgbà nílé lè jẹ́ àjèjì lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò mọ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sanra díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni, tí ó ti gbìyànjú títí tí ìwọ̀n ara rẹ̀ fi ń dín kù, tí ó wá ku kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré tí ó kọ̀ tí kò lọ. Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé kí ó túbọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀, kí ó sì máa sáré sí i. Èmi náà gba irú ìmọ̀ràn yìí rí, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bí ó ti rí.

Ní ọdún kejì tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Aṣọ tí gbogbo ẹbí jùmọ̀ rán ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e wọ̀, kò gbà mí mọ́ ní ìbàdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù. Mo pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n óò máa jẹun lójúmọ́, gàrí tí mo rẹ sínú omi ni mo sì fi ṣe oúnjẹ náà. Ní àràárọ̀, mo ń sáré yí pápá ìṣeré ká. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, òṣùwọ̀n fi hàn pé kílò mẹ́rin ti lọ. Inú mi dùn, mo sì gba ilé lọ.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó, wọ́n ní kí n pọn omi láti ibi ẹ̀rọ wá sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ni, irú èyí tí mo ti ń gbé láti ìgbà èwe mi láìsinmi lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé. Orúnkún mi ń gbọ̀n, òòyì sì ń kọ́ mi. Ìyá mi wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní o ti fúyẹ́. O kò fúyẹ́ o. Ńṣe ni o rù.” Aṣọ náà gbà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, kílò mẹ́rin náà ti padà dé, ikùn mi ni púpọ̀ nínú wọn sì padà sí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìlera tí ó jinlẹ̀ ni ìyá mi sọ ní ọjọ́ náà. Òun ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín.

OHUN TÍ ÒṢÙWỌ̀N KÒ LÈ SỌ

Bí a bá gun orí òṣùwọ̀n, gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ara wa ni ó ń kó pọ̀: egungun, omi, oúnjẹ tí kò tíì dà nínú ìfun, ọ̀rá, àti ẹran ara tí ó so mọ́ egungun, èyí tí a ń pè ní iṣan, tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé ẹrù. Òṣùwọ̀n lè sọ pé kílò kan ti lọ. Kò lè sọ èyí tí ó lọ nínú wọn.

Ọ̀rá ni àká ara. Gíráàmù ọ̀rá kan a máa fún ara ní agbára tí ó tó kálórì 9, nígbà tí gíráàmù oúnjẹ bí iṣu tàbí ìrẹsì gbígbẹ kò fúnni ju nǹkan bí 4 lọ. Kílò ọ̀rá kan nínú ara ènìyàn kó nǹkan bí kálórì 7,700 pa mọ́. Nígbà tí oúnjẹ tí a jẹ kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara a lọ sí àká, a sì bù níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú àká nìkan ni ó ń bù, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara a máa tú iṣan náà palẹ̀, a sì fi í ṣe oúnjẹ. Ẹ wo ilé tí ọ̀wọ́n dé bá: ohun tí wọn kì í lò ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Bí ọkọ́ bá wà ní oko lójoojúmọ́, wọn kò ní tà á. Bí ó bá fi ara ti ògiri láti ọdún tí ó kọjá, ọjà ni yóò gbà lọ. Bákan náà ni iṣan tí a kò fi ṣe iṣẹ́ tí ó nira ṣe rí lójú ara ní àkókò ebi.

Níbi kílò tí ó kẹ́yìn ni ewu yìí ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó sanra gidigidi ní àká tí ó kún. Ara rẹ̀ ní ibi tí yóò máa bù. Ẹni tí ó ku kílò mẹ́ta fún kò ní ọ̀rá púpọ̀ mọ́, nítorí náà bí ó bá fi ebi pa ara rẹ̀ gan-an, ìpín tí iṣan yóò san nínú gbèsè náà á pọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, ara tí ó ti kéré sí i kò náwó oúnjẹ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni náà a sì máa jókòó pẹ́, a máa rìn díẹ̀, láìmọ̀. Ìdí nìyí tí oúnjẹ tí ó mú ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ ní oṣù kìíní fi dà bí èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní oṣù kẹrin. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àjẹ́.

ẸRÍ MÉJÌ

Ní 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé Ancel Keys dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ fún ìwádìí. Fún ọ̀sẹ̀ 24, oúnjẹ wọn jẹ́ nǹkan bí kálórì 1,570 lójúmọ́, wọ́n sì níláti rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ìrìn tí wọ́n ń rìn kò gba iṣan wọn là; agbára wọn lọ sílẹ̀ gidigidi, oúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ń rò. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun yó, ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ padà, iṣan tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí ni mo tó mọ ìdí tí ikùn mi fi gba gbogbo ohun tí mo jẹ lẹ́yìn ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀rí kejì yàtọ̀. Ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, àwọn olùwádìí dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 40 tí wọ́n sanra jù kù pẹ̀lú ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Gbogbo wọn ni ó ń gbé irin, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá tí ó le, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni oúnjẹ tí ń kọ́ ara, èyí tí a ń pè ní purotéènì: apá kan ń jẹ gíráàmù 2.4 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, apá kejì ń jẹ 1.2. Àwọn ti 1.2 pàdánù ọ̀rá kílò 3.5, ẹran ara wọn kò sì dín kù. Àwọn ti 2.4 pàdánù ọ̀rá kílò 4.8, ẹran ara wọn sì fi kílò 1.2 pọ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i: ebi pa apá méjèèjì, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó rù nínú wọn.

Mo fẹ́ kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi àsọdùn tàn yín jẹ. Àwọn kan ń sọ pé bí iṣan bá pọ̀ lára ènìyàn, yóò máa jó oúnjẹ bí iná tí ń jó pápá, àní lójú oorun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kílò iṣan kan tí ó wà ní ìsinmi kò ná ju nǹkan bí kálórì 13 lọ lójúmọ́. Kílò ọ̀rá kan ń ná nǹkan bí 4 sí 5. Èrè irin gbígbé kò sí níbẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé ó ń sọ fún ara pé, “Mo ń lo èyí; lọ bù níbòmíràn.”

OMI KÌ Í ṢE Ọ̀RÁ

Ọ̀nà ẹ̀tàn kan tún wà, èyí ni kí ènìyàn yọ omi ara rẹ̀ kúrò. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní 2024, Vinesh Phogat, obìnrin ajàkàdì ọmọ orílẹ̀-èdè Íńdíà, já sí ìdíje àṣekágbá ti àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju kílò 50 lọ. Ara rẹ̀ tóbi ju ìwọ̀n náà lọ tẹ́lẹ̀. Ní ìsọ̀rí kílò 53 ni ó ti ń jà rí. Ní gbogbo òru tí ó ṣáájú ọjọ́ kẹjọ-dín-kan oṣù kẹjọ, ó ń ṣe ìdárayá, ó ń làágùn, wọ́n tilẹ̀ gé nínú irun rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó fi gíráàmù 100 ju ìwọ̀n lọ, nǹkan bí ìwọ̀n ẹyin adìẹ méjì. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje náà pátápátá, kò sì gba àmì ẹ̀yẹ kankan.

Eléré ìdárayá tí ìwọ̀n jẹ́ òfin fún lè ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí kò sí adájọ́ níwájú wa, èrè wo ni ó wà nínú kí a làágùn omi jáde ní alẹ́, kí a tún mu ún padà ní òwúrọ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin mìíràn ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, Rafiatu Folashade Lawal ti Nàìjíríà gba wúrà ní ìsọ̀rí kílò 59. Nínú ìgbésókè rẹ̀ tí ó dára jù, ó gbé kílò 116 sókè orí, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo mú un wá nítorí ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá gbé irin, ẹ ó tóbi bí ọkùnrin. Ẹni tí ó ń gbé irin bí iṣẹ́ nìyí, kò sì ju kílò 59 lọ! Agbára kò ní kí ènìyàn tóbi dandan.

BÍ A TI LÈ ṢE É NÍ KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ

A kò nílò ilé ìdárayá olówó iyebíye. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń da símẹ́ǹtì sínú agolo méjì, kí wọ́n fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n irin tí ó dára jù lọ lójú mi ni kẹ́ẹ̀gì omi, nítorí lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tí ó bá bu lítà 8 sínú kẹ́ẹ̀gì mọ̀ pé ẹrù kílò 8 ni òun ń gbé, yàtọ̀ sí ìwọ̀n díẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò bu 9.

Ẹ yan ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàrin wọn. Ohun márùn-ún yìí tó:

Èkíní, lílóṣòó. Ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà, kí ẹsẹ̀ fẹ̀ tó èjìká, kí ẹ lóṣòó títí itan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kí ẹ sì dìde. Kí gìgísẹ̀ má ṣe kúrò nílẹ̀.

Èkejì, gbígbé ẹrù nílẹ̀. Kí ẹ̀yìn tẹ́ gbọọrọ, kí ẹrù súnmọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ fi itan àti ìdí gbé e. Ẹni tí ó bá tẹ ẹ̀yìn bí ọrun tí ó sì já ẹrù gbà lójijì ń wá ẹ̀yìn dídùn.

Ẹ̀kẹta, títi ara sókè. Ẹ dojú bolẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ara gún bí pákó, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì ti ara sókè. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lè fi ọwọ́ ti àga gíga tàbí ògiri ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, fífa ẹrù mọ́ra. Ẹ fi ọwọ́ kan di tábìlì mú, kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì láti ilẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà.

Ẹ̀karùn-ún, gbígbé ẹrù rìn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tí wọ́n dọ́gba, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí ẹ rìn ní ìdúró gangan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Kí ẹ ṣe mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ìyípo mẹ́ta, ìgbà 8 sí 12 nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sinmi ìṣẹ́jú méjì láàrin wọn. Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, oníṣègùn ológun kan ní Amẹ́ríkà, Thomas DeLorme, ń fi irin wíwúwo wo àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn ti farapa ní Chicago. Ní 1948, òun àti Arthur Watkins kọ̀wé pé ìyípo mẹ́ta, ìgbà 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó, bí a bá ń fi kún ẹrù náà bí agbára ti ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Ọmọdé tí ó fi agbada kékeré bẹ̀rẹ̀ omi pípọn ni ó di ẹni tí ń ru garawa. Ẹrù náà gbọ́dọ̀ wúwo débi pé nígbà tí ẹ bá fi máa parí, yóò ku ìgbà méjì tàbí mẹ́ta péré tí ẹ ṣì lè gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ má fi í sílẹ̀; ó dára fún ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn ní 2020 pé kí ó ṣe ìdárayá tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán kún un fún ohun tí ń mú iṣan lágbára. Méjèèjì ni wọ́n sọ. Ọ̀kan kò rọ́pò èkejì.

NÍPA OÚNJẸ

Ẹni tí ó bá ku kílò mẹ́ta fún kò gbọdọ̀ kánjú. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ kílò 65, ìdá mẹ́ta kílò lọ́sẹ̀ kan ti tó. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí ó dín nǹkan bí kálórì 300 sí 500 kù lójúmọ́, kí ó sì mú un nínú ohun tí kò ní purotéènì. Ṣíbí ìmùkọ epo kan tó nǹkan bí kálórì 120. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sẹ̀ǹtílítà 50 tí ó dùn dáadáa lè tó 200. Kí òkèlè náà kéré sí i, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe yọ ẹ̀wà kúrò! Àṣìṣe mi nìyẹn. Nínú gíráàmù 100 gàrí, purotéènì rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní 20. Nínú ẹ̀wà sóyà, ó lé ní 30. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6, ẹja gíráàmù 100 ní nǹkan bí 20. Ẹni kílò 65 tí ń gbé irin lè fi gíráàmù 80 sí 100 ṣe àfojúsùn lójúmọ́. Àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín ní òwúrọ̀, ẹ̀wà ní ọ̀sán, ẹja àti ẹ̀fọ́ ní alẹ́, ẹyin nígbà tí owó bá wà: ọjà Cotonou, Lomé, Accra àti Freetown ní gbogbo wọn bí ti Ìbàdàn. Ẹ̀pà náà dára, ṣùgbọ́n òróró pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí ẹ jẹ, kì í ṣe agolo.

ÒṢÙWỌ̀N KEJÌ

Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé, ìwọ̀n yín lè lọ sókè ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ má bẹ̀rù. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa fa omi mọ́ra, obìnrin a sì tún máa wúwo sí i nígbà mìíràn nínú oṣù nítorí omi kan náà. Kí ẹ wọn ara yín ní àárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ wé ọjọ́. Kí ẹ fi tépù aránṣọ wọn ìbàdí yín lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ gbé sínú ìwé. Bí ẹ bá gbé lítà 15 ní ìgbà 10 ní oṣù yìí, tí ìwọ̀n yín dín kù, tí ẹ sì tún gbé lítà 15 ní ìgbà 10 ní oṣù tí ń bọ̀, ọ̀rá ni ó ṣeé ṣe kí ó lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 6 péré ni ẹ lè gbé e, tí kì í sì í ṣe àìsàn tàbí àìsùn ni ó fà á, ẹ ti ń rù. Ẹ fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Òṣùwọ̀n ń sọ iye tí ó lọ. Kẹ́ẹ̀gì ń sọ ohun tí ó lọ.

Ó ku ìkìlọ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rò pé òun sanra ni ó sanra. Àgbàlagbà tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.65 tí ó sì wà láàrin kílò 50 àti 68 wà ní ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn kà sí dídára. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ lágbára, kí ó gbé irin, kí ó sì jẹun yó. Aláboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn kíndìnrín tàbí àrùn fọ́níkú-fọ́ládìde, kí ó kọ́kọ́ rí oníṣègùn. Ẹni tí ó bá sì rí i pé ìbẹ̀rù oúnjẹ ti gba òun lọ́kàn, kí ó má fi í pamọ́. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tí ó fọkàn tán.

Ẹ̀yin ni olùkọ́ ọ̀la. Àwọn ọmọ tí ẹ ó kọ́ yóò máa wo bí ẹ ti ń jẹun àti bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara yín, kí wọ́n tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ìlera lẹ́nu yín. Ní ti èmi, ó ti pẹ́ tí aṣọ ìgbéyàwó náà ti gbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá lọ kí ìyá mi nílé, èmi ni mo ṣì ń pọn omi sí ẹ̀yìnkùlé, n kì í sì í sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ lọ́nà mọ́.